Èéfín Wa, Bàálù Wọn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ìyá ọkọ mi da odidi abọ́ ẹja kan padà sínú òkun nítorí mi. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Wọ́n ní kí n gbé ẹja láti ìdí ọkọ̀ ojú omi wá síbi ààrò. Mo gbé e, ọrùn ń ro mí, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí n lè tún ìró mi ró. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo sọ̀ ọ́ sí. Abọ́ náà fì, ẹja mélòó kan yọ̀ bọ́ sórí iyanrìn, mo ṣà wọ́n padà, mo gbọn ọwọ́ mi, ó parí lójú tèmi. Ìyá Dòsù, bí a ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, kò pariwo. Ó ki ìka bọ inú abọ́, ó fi ìka náà kan ahọ́n, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì gbé abọ́ lọ sétí omi, ó dà á nù.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹni tó bá rún iyanrìn lẹ́nu nínú ẹja wa lẹ́ẹ̀kan, kò ní ra ẹja lọ́wọ́ wa mọ́. Á tún lọ sọ fún ìyá rẹ̀."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má rò pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ìyá ọkọ lé. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo wọlé wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kún fún ṣójà. Bí mo bá ń pe òun náà ní "wọ́n", ẹ kò ní mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Kó foríjì mí.

Ọmọ Badagry ni mí. Aṣọ ni wọ́n ń tà nílé wa, Mùsùlùmí sì ni wá, ilé ìtajà bàbá mi kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Dòsù tó fẹ́ mi, Ègùn ni, apẹja ọmọ apẹja, etí òkun ni abúlé wọn wà, ní ìhà Ìwọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń lọ ṣe nílé ọkọ, ó ní, "Ràbíátù, o fi àrán àti léèsì sílẹ̀, o ń lọ fi èéfín para." Mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí mo fọ aṣọ títí tí ọṣẹ fi tán, ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ á ṣì mọ ohun tí mò ń tà.

Kí àwọn ológun tó dé, abúlé lásán ni ibẹ̀. Àgbọn ló pọ̀ jù, ẹja ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwa ènìyàn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá kún ọwọ́ ìjọba, tí wọ́n ń la títì, tí wọ́n ń kọ́lé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bèèrè ilé, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa náà. Wọ́n gé àgbọn rẹpẹtẹ, wọ́n sì tẹ́ títì gbọọrọ kan tí kò já síbì kankan. Àwọn àgbà bèèrè ibi tí títì náà ń lọ. Wọ́n ní òkè ló ń lọ. Bí bárékè àwọn ológun òfúrufú ṣe dé bá wa nìyẹn.

Bárékè ló sọ abúlé wa di ìlú. Ṣójà tó ní ìyàwó ń wá yàrá, ẹni tó ní ilẹ̀ ń kọ́ yàrá, ẹni tí kò ní ilẹ̀ ń ta ọtí fún ẹni tó wà nínú yàrá. Télọ̀ dé, onígbàjámọ̀ dé, àwọn obìnrin ń ti Ọ́ttò àti Ìbẹ̀rẹ̀kó gbé ọjà wá. Àwa kò kúrò lójú kan, ìlú ló wá bá wa níbi tí a jókòó sí. N kò sì ní purọ́, ó dùn mọ́ wa. Àwọn ìyàwó ṣójà ni oníbàárà wa tó dára jù, wọ́n ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá, ohun tí wọ́n sì fẹ́ lára ẹja kò bára mu. Èyí fẹ́ ẹja rírọ̀, ìyẹn fẹ́ gbígbẹ tó ń dún kó. Ọ̀kan wà tó máa ń ní kí a gé orí rẹ̀ kúrò. Ìyá Dòsù kò gbà fún un rí. Ó ní, "Ẹja tí kò lórí, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tó jẹ́?"

Ẹja ṣàwá ni a ń yan jù. Ẹja kékeré ni, ó ní ọ̀rá lára, oòrùn ìdajì ọjọ́ sì tó láti bà á jẹ́. Kò sí yìnyín ní etí òkun wa nígbà náà, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ṣe ń gúnlẹ̀ ni a ti ń dáná. Dúrọ́ọ̀mù ni ààrò wa. A ó gé ẹnu sí i nísàlẹ̀ fún iná, a ó to àtẹ wáyà sí i lókè, àtẹ kan lórí èkejì, a ó wá fi ògbólógbòó ẹní bo gbogbo rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù epo bàálù ni gbogbo wọn, bárékè ni a ti ń gbà wọ́n. Èèpo àgbọn la fi ń dáná. Èèpo àgbọn kì í jó bùlà bí igi, inú ló máa ń jó sí, ó sì ń rú èéfín funfun tó nípọn. Iná ló ń sè ẹja, ṣùgbọ́n èéfín ló ń fún un ní àwọ̀ pupa tó ń dán, òun ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá kánjú, tó koná mọ́ ọn, ẹja rẹ̀ á dúdú, á korò, á sì gbé e padà wálé láti ọjà.

Èéfín náà ló dá ìjà sílẹ̀. Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ń ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sórí òkun, èéfín wa ń bá a lọ, kò sẹ́ni tó rí i. Bí ọ̀sán bá pọ́n, afẹ́fẹ́ á yí padà, á máa ti òkun fẹ́ wá sílẹ̀, èéfín ààrò wa á sì lọ bo títì bàálù wọn pátápátá. Ṣójà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán sí wa mú kóbókò lọ́wọ́. Ó ní kí a pa iná. Ìyá Dòsù ní, "Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ bá yín. Ṣé o ti bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀?" Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tí ó máa fi kóbókò rẹ̀ ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́kọ́ wà ní bárékè jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó pe àwọn àgbà ìlú, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀. Nínú àṣà àwọn Ègùn etí òkun wa, ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sómi. Àwọn baba ńlá wọn ló fi lélẹ̀ pé òkun náà gbọ́dọ̀ sinmi. Bí kò bá sí àwọ̀n, kò sí ẹja, bí kò bá sí ẹja, kò sí èéfín. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ òun á máa fi bàálù kọ́ṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wá di pé ọjọ́ tí òkun bá ń sinmi, òkè kì í sinmi. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, a ní láti máa wo aṣọ kan tí wọ́n so mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà, aṣọ gígùn tó ṣí nínú bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kún, tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ hàn. Ṣòkòtò ṣójà ni àwa obìnrin ń pè é. Bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà bá na sí òkun, a lè dáná. Bí ó bá na sí ilẹ̀, kí a dúró, àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé kò sí bàálù lọ́jọ́ náà.

Sájẹ́ǹtì Àdìsá ni wọ́n máa ń rán. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó fẹ́ràn orí ẹja ju ara ẹja lọ, nítorí èyí Ìyá Dòsù fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ èdè àwọn ọ̀gá fún wa, òun ló sì ń gbọ́ tiwa fún wọn.

Wọ́n gbé ọ̀gá jẹ́jẹ́ yẹn lọ sí ibòmíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Kò tíì pẹ́ tó dé tí bàálù kan yí lókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń wá títì, nítorí obìnrin kan nínú wa tí kò wo ṣòkòtò kó tó dáná. Ọ̀gá tuntun wá fúnra rẹ̀, ó mú awakọ̀ katakata dání, wọ́n wo ibẹ̀ yíká, wọ́n wọn ibẹ̀. Sájẹ́ǹtì Àdìsá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, ojú ń tì í. Bí èéfín wa bá tún dí bàálù kan lọ́nà, ẹyọ kan péré, katakata á wá wó gbogbo ààrò náà, a kò sì ní dáná níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ibẹ̀ nìkan ni ìgbì òkun ti gba ọkọ̀ láyè láti gúnlẹ̀ ní gbogbo àyíká wa. Bí wọ́n bá lé wa kúrò, ẹja á bàjẹ́ kó tó dé ibi tí a ó ti yan án. Kò sí obìnrin kan nínú wa tó mọ iṣẹ́ mìíràn, àfi èmi tí mo lè padà sídìí aṣọ bàbá mi. Ìyá Dòsù ti ń yan ẹja níbẹ̀ kó tó bí ọmọ kankan. Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń dáná láìjẹ́ pé Ìyá Dòsù ti wo ṣòkòtò. A ń yan ẹja bí ẹni tó ń jí i yan.

Ọyẹ́ wá mú lọ́dún náà, ó mú débi pé ètè gbogbo wa là. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ máa ń pẹ́, nígbà mìíràn kì í yí padà títí di alẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni òkun la ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Dòsù àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣàwá tí ó kún dé etí, irú èyí tí a kò rí láti ìgbà tí òjò ti dá. Gbogbo ààrò ni a dáná sí. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò na sí òkun, Sájẹ́ǹtì Àdìsá sì ti ránṣẹ́ pé kò sí bàálù lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tí a kò ṣe bó ṣe yẹ. Inú Ìyá Dòsù dùn, ó ń kọrin Ègùn kan tí n kò fẹ́ tú sí Yorùbá, nítorí kò mọ́ lẹ́nu.

Ọ̀sán ti yẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró lójijì. Èéfín dìde gangan sókè, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló rọra tẹ̀ sí ilẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ kùrukùru ọyẹ́, ó sì bo títì bàálù mọ́lẹ̀. Ìyá Dòsù rí i. Ó ní, "Ó dáa pé kò sí bàálù." Kò tíì pa ẹnu dé tí a fi gbọ́ ìró kan lókè, tí a kò sì rí ohun tó ń dún.

Sájẹ́ǹtì Àdìsá ló ń sáré bọ̀ yẹn, kò dé fìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú iyanrìn.

"Ìyá! Ẹ pa iná! Bàálù wà lókè!"

"Bàálù wo? Ìwọ lo ní kò sí bàálù lónìí."

"Kì í ṣe tiwa, Ìyá. Ọyẹ́ ti dí ibi tó ń lọ, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Epo rẹ̀ ti ń tán. Kò rí ilẹ̀!"

Gbogbo wa gbé orí sókè. Ìró náà kọjá lórí wa, ó lọ sórí òkun, ó tún yí padà. Ọmọdébìnrin kan tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, Sẹ̀wánù, gbé garawa omi, ó dà á sínú iná. Ohun tí gbogbo ènìyàn á ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèpo àgbọn kì í fẹ́ omi. Ó ké ṣàà, èéfín tó jáde níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po, ó bo Sẹ̀wánù fúnra rẹ̀, a kò rí i mọ́, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́. Ẹlòmíràn ti ń gbé garawa tirẹ̀.

"Ẹ má da omi mọ́!" Ìyá Dòsù ló kígbe.

Bí a bá ní kí a máa sọ àtẹ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wa iná jáde, kí a bò ó, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú ààrò rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ẹja rẹ̀. Ìró náà tún ti ń bọ̀, ó ti wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ ba, ó fi abọ́ bu iyanrìn, ó sì dà á lé orí ẹní, lé orí àtẹ, lé orí ẹja. Ó tún bù, ó tún dà.

"Iyanrìn!" ó ní. "Ẹ bo gbogbo rẹ̀!"

Àwọn obìnrin ń wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi, iyanrìn wà nínú abọ́, ọwọ́ mi kọ̀ láti dà á. Gbogbo ọdún tí mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó kọ́ mi ju pé n kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí.

Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé kí n wá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń da iyanrìn ni?"

Mo dà á. Gbogbo wa dà á. A fi abọ́ dà á, a fi ọwọ́ dà á, ẹni tí kò rí abọ́ fi ìró aṣọ rẹ̀ bù ú. Sájẹ́ǹtì Àdìsá bọ́ ẹ̀wù ṣójà rẹ̀, ó fi ń kó iyanrìn. Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe sáré wá, wọ́n rí ohun tí à ń ṣe sí ẹja tí wọ́n fi gbogbo òru wá, wọ́n sì dúró sójú kan. Dòsù wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ́ kan nílẹ̀, ó bá wa bo èyí tó kù. Mo fẹ́ràn ọkọ mi lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó gbé mi níyàwó lọ.

Èéfín kì í tán lójú ẹsẹ̀. Ó fà, ó tínrín, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti òkun wá gbé èyí tó ṣẹ́kù kọjá lọ sórí ọ̀sà. A rí bàálù náà nígbà náà. Ó kọjá lórí àgbọn, ó sún mọ́ ilẹ̀ débi pé imọ̀ àgbọn gbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ṣójà níbi tí ojú wa kò dé. A ń retí ìró burúkú. A kò gbọ́ nǹkan kan. Sájẹ́ǹtì Àdìsá kó ẹ̀wù rẹ̀ tó ti di àkísà, ó sáré padà.

Nígbà tó lọ tán ni a tó bojú wo ẹ̀yìn wa. Òkìtì iyanrìn ni gbogbo ààrò dà, bí ibojì tuntun. Sẹ̀wánù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sí ohun tí a lè yọ níbẹ̀. Ẹja tí iná ti mú dé ìdajì, ọ̀rá rẹ̀ ti yọ sójú, bí iyanrìn bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, omi òkun kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Dòsù tọ ìyá rẹ̀ lọ níbi tó jókòó sí lórí abọ́ tó dojú dé. Ó ní, "Ìyá, ẹja wa. Nítorí ṣójà?"

"Ṣé o fẹ́ kó já lé wa lórí ni?" ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tó sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró tì í jù. Nígbà tí bàálù náà ń kọjá lórí àgbọn, mo gbọ́ ohun tó ń sọ lábẹ́ ẹ̀mí. "Màwú, ọmọ ẹnìkan ni. Ọmọ ẹnìkan ni." Màwú ni Ègùn ń pe Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá náà dé. Jíìpù gbé e dé etí iyanrìn, Sájẹ́ǹtì Àdìsá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò wò wá lójú. A ti mọ ohun tó bá wá. Ó dúró, ó sọ̀rọ̀ ṣókí, Sájẹ́ǹtì sì tú u.

"Wọ́n ní bàálù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lánàá nítorí èéfín yín. Wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fún yín. Wọ́n ní kí ẹ kó ẹrù yín, katakata ń bọ̀." Ó tún fẹ́ fi nǹkan kan kún un, ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ọ̀gá na ọwọ́ sókè láti dá a dúró.

Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Ìyá Dòsù nìkan ló wà ní ìdúró.

"Sájẹ́ǹtì, ẹni tó wà nínú bàálù náà, ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀?"

"Ó sọ̀ kalẹ̀, Ìyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni."

"Ṣé ó jẹun lánàá?"

"Ó jẹun, Ìyá."

"Ó dáa. Àwa kò jẹun."

Ó lọ sídìí ààrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa iyanrìn kúrò, ó ká ẹní, òórùn ẹja tó ti ń bàjẹ́ dìde, eṣinṣin bò ó. Ó mú ẹja kan, ó gbé e lé ọ̀gá náà lọ́wọ́, ọwọ́ tó mọ́ tónítóní yẹn. Ọ̀gá wò ó. Ó ya ẹja náà sí méjì, iyanrìn dà sórí bàtà rẹ̀. Ó wo ààrò, ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Fúnra rẹ̀ ló wá ń lọ láti ààrò dé ààrò, tó ń ká ẹní, tó ń wò. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò fi ọwọ́ bo imú.

Nígbà tó padà dé, Ìyá Dòsù ní, "Sájẹ́ǹtì, sọ fún un pé orí ẹja yìí ni bàálù rẹ̀ bà sí."

Sájẹ́ǹtì tú u. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù funfun kan nínú àpò, ó fi di ẹja tó yà náà, ó mú un dání lọ sínú jíìpù. Ó sọ nǹkan kan kó tó wọlé.

"Kí ló wí?" Ìyá Dòsù bèèrè.

"Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀."

A dúró dè wọ́n. A ti kó àtẹ, a ti kó abọ́, ẹrù wà lórí ẹrù. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sí katakata. A wa ibi kan, a ri ẹja náà mọ́lẹ̀, ebi sì pa wá díẹ̀ lọ́dún náà, èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń bá òkun ṣòwò. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ tún gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká dáná tàbí ká má dáná. Ìyá Dòsù jáde síta, ó kọjú sí bárékè, ó bi mí léèrè.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọn ò tíì dé, Ìyá."

"Ẹ dáná nígbà náà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa pé wọ́n ti dárí jì wá, kò sẹ́ni tó sọ pé ká máa ṣe iṣẹ́ wa lọ. Wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ, òmíràn dé, òun náà lọ. Kò sí èyí tó dárúkọ katakata, àwa náà kò sì bèèrè, nítorí ẹni tó bá jí ẹni tó ń sùn, kó fara mọ́ ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ńlá kan bá dún ní títì, gbogbo wa á ti nàró. Mo bí ọmọ láàárín ìrètí yẹn, mo sì gbé wọn fọ́kọ. Kò sí àárọ̀ tí Ìyá Dòsù kò bi mí ní ìbéèrè náà kó tó ṣáná, kò sì sí àárọ̀ tó bi mí ṣeré.

Owó epo rọ̀bì fà sẹ́yìn. Ó hàn lára bárékè kó tó hàn lára wa. Bàálù tó ń fò dín kù, wọ́n ní kò sí ẹ̀yà ara tí wọ́n máa fi tún wọn ṣe. Àwọn ìyàwó ṣójà ń wá bi wá bí wọ́n ṣe ń yan ẹja, kí àwọn náà lè máa tà. A kọ́ wọn. Sájẹ́ǹtì Àdìsá fẹ̀yìn tì, ó gbé orí ẹja tirẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn tó kù lọ, ó ku ẹ̀ṣọ́ mélòó kan tó ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko lórí títì bàálù. Ìlú kò bá wọn lọ o. Àwọn tó kọ́ yàrá fún ṣójà ń fi í háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde.

Ìyá Dòsù ti darúgbó nígbà náà. Àìsàn tó ṣe é kẹ́yìn kò pẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kì í dá ènìyàn mọ̀ dáadáa mọ́, èmi pàápàá, nígbà mìíràn ó ń pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo àwọn obìnrin ibi ààrò wá kí i, ilé kún, a tò yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ó gbọ́ ohùn wa. Ó na ọwọ́, mo dì í mú.

"Ìyàwó," ó ní, ó sì dá mi mọ̀. "Ṣé wọ́n ti dé?"

Mo lè sọ fún un pé kò sí ṣójà mọ́. Mo lè sọ pé kò sẹ́ni tó máa wá mọ́ láéláé, pé ibẹ̀ ti di tiwa. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò bèèrè nítorí kí n tù ú nínú. Iṣẹ́ ló ń bèèrè.

"Wọn ò tíì dé, Ìyá."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú tèmi.

"Kí ni gbogbo yín wá ń ṣe nínú ilé níbí?"

A dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jáde sí etí òkun, mo ṣí ẹnu ààrò rẹ̀, mo to èèpo àgbọn sínú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ṣáná sí i.